Afẹ́fẹ́ Àlòkù

Màmá mi ló kọ́ mi ní ọjà níná. Iṣẹ́ tó fi tọ́ wa nílùú Ìwó ni pé ó máa ń ru abọ́ oníke àti abọ́ páànù, á máa kiri láti ojúlé dé ojúlé, á máa fi wọ́n pààrọ̀ aṣọ àlòkù lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé. Tó bá délé, á fọ àwọn aṣọ náà, á rán èyí tó ya, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi máa dán, á sì kó wọn lọ tà lọ́jọ́ ọjà. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e kiri nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi. Á gba ṣòkòtò lọ́wọ́ obìnrin kan, á yí inú rẹ̀ síta, á nà án sókè síbi tí oòrùn wà, á sì rí ihò níbi tí ẹni tó ni ín kò rí nǹkan kan. "Háà, ìyá ọmọ, aṣọ yìí ti ṣiṣẹ́ o! Abọ́ kékeré yìí ló lè gbà." Tí obìnrin náà bá ní rárá, Màmá á gbé ẹrù rẹ̀ rù, á ní ó dàbọ̀, á sì máa lọ. Kì í bojú wẹ̀yìn. N kò rántí ọjọ́ kan tí wọn ò pè é padà.

Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Má yin ohun tí o fẹ́ rà. Má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ bó ṣe ká ọ lára tó. Tí owó ò bá sì wọ̀, yí ẹ̀yìn padà kí o máa lọ, wọ́n á pè ọ́.

Òfin yẹn ni mo gbé wá sí Johannesburg. Nínú ilé wa ní Mayfair, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tí a rà ní tuntun. Bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, àga tí àlejò ń jókòó lé, gbogbo rẹ̀ ni mo ná títí tí ẹni tó ń tà á fi di orí mú tó ń ṣe "eish, sisi!" Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown, kì í bá mi rìn lọ síbi tí mo bá ti fẹ́ ra àlòkù. Ó ní ojú ń ti òun. Èmi ò mọ ohun tó ń tì í lójú. Ojú kì í ti òun náà tó bá na ẹsẹ̀ jókòó sórí àga ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ọjà tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ná irú rẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n tún ná irú rẹ̀ mọ́.

Màmá wá bá wa nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, kó lè bá mi wẹ ọmọ. Ọmọ náà ti ń rìn tàgétàgé nígbà tí òtútù dé. Ìlú yìí wà lókè réré, ó jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáká kò ní mọ̀. Àmọ́ èéfín igi ìdáná àti ti áyọ́ọ̀nù eléèédú ti ń gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró Màmá láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, a ò sì mọ̀. Ìgbà tí òtútù wá gan-an, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tó ń gé ètè, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ìjọba, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jẹ́ ká máa lọ, dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀ o. Màmá need oxygen nílé. Ẹ̀rọ kan wà tí ẹ máa plug síná, á máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, á sẹ́ ẹ, á wá gbé oxygen jáde fún wọn. Ẹ má yí i kọjá ojú kejì. Tí wọn ò bá rí i lò, ọkàn wọn ló ń jìyà yẹn o. Ó lè dáṣẹ́ sílẹ̀."

Mo bi í bóyá ìjọba ò ní fún wa. Ó ní orúkọ Màmá ti wọlé, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ̀rọ tuntun, owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Àwọn tó ń fi í yáni béèrè ìwé tí àlejò ìlú bíi Màmá ò ní. Ó wá ku àlòkù. Mo dúpẹ́ nínú ara mi nígbà yẹn, mo ní ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn.

A gbé Màmá délé, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tó bá fẹ́ sọ pé ká bu omi fún òun, á sọ "ẹ bu", á dákẹ́, á gbé èjìká sókè, á fa èémí, á tó wá sọ "omi". Ìyá tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sáré ju etí ẹni lọ. Ètè rẹ̀ sì ń dúdú bí ẹni tó fi aró kùn ún. Mo máa ń dìde lórí ìjókòó láti lọ yọjú wò ó nínú yàrá, n óò wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò, n óò padà, n óò sì tún dìde.

Ọkọ mi ló rí ìpolówó náà lórí fóònù. Ẹnì kan ń ta irú ẹ̀rọ yẹn ní Fourways, lápá òkè ìlú níbi tí àwọn ilé ńláńlá àti ilé ìtajà ràgàjì wà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Tí a bá kó gbogbo owó tó wà nílé jọ mọ́ owó ilé oṣù tó ń bọ̀, á tó o gẹ́lẹ́.

"Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́," ọkọ mi ní, "lọ san án. Má ná an o."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Màmá ló gbọ́. Ó ṣí ojú lórí ìrọ̀rí.

"Èló... ni wọ́n... pè é?"

Mo sọ fún un. Ó pa ojú rẹ̀ dé, bí ó ti máa ń ṣe tí wọ́n bá pe owó ìwọ̀sí fún un láyé ọjọ́un.

"Ìdajì... ni kí o fún un. Tí kò bá... gbà... yí ẹ̀yìn padà. Má jẹ́... kó mọ̀... pé ara mi... ò yá."

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Ẹni tí kò rí èémí mí ló ń ná owó èémí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin ará Sòmálíà tó ń gbé ní ojúlé tó kọjú sí tiwa wá jókòó ti Màmá. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ju sàlámù lọ, síbẹ̀ wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Mo di owó sínú báàgì, mo wọ taxi lọ sí Fourways. Bí a ṣe ń gòkè ni mo rí i pé gbogbo robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, ti kú, àwọn ọkọ̀ kàn ń yọ ara wọn wò kí wọ́n tó kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ lápá ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ iná ló ń jẹ, tó tún jẹ́ àlòkù, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Gbogbo ọ̀nà yẹn ni mo fi ń ṣe bísímílà lábẹ́ ahọ́n.

Ilé náà wà láàárín ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pe ẹni tó ń tajà náà lórí fóònù kó tó jẹ́ kí n wọlé. Bàbá òyìnbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ga, ó wọ ṣúwẹ́tà tí ìgùnpá rẹ̀ ti gbó. Ó mú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ aṣọ funfun. Ó ká aṣọ náà kúrò, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e sórí apá rẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo ní láti gé ètè mi jẹ. Ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ ò bó, àmì kékeré kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó ti họ. Mo ti ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Mo bá fa ojú ro, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

"How much last?" mo bi í.

"Last what?" Bàbá náà ń wò mí.

Mo ṣàlàyé pé iye tí kò lè lọ sílẹ̀ mọ́ ni mò ń béèrè. Ó ní ṣebí òun ti kọ iye rẹ̀. Mo ní mo rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti gbó. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo fi èékánná tọ́ ibi tó họ. Mo ní wò ó, ẹni tó lò ó ò tọ́jú rẹ̀. Mo ní kò síná, ta ló mọ̀ bóyá ó ti kú sínú, bóyá òkú irin ni mo fẹ́ gbé lọ sílé.

"Ìyàwó mi ló lò ó," bàbá náà sọ. "Ọ̀pá tó fi ń rìn ló ha á lára níbẹ̀."

Mo ní sorry, mo sì tún ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí ẹnu ọjà tí mo ti là, kò rọrùn láti pa á dé. Mo pe ìdajì owó rẹ̀. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ iye tirẹ̀ kí èmi náà lè fi díẹ̀ lé tèmi. Gbogbo ọjà tí mo ti ná láyé mi, ẹni tó ń tà á máa ń pariwo, á pe ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, á ní mo fẹ́ pa òun, ibẹ̀ ni n óò ti mọ̀ pé ọjà ti ń wọ̀. Bàbá yìí kàn ní, "No, I'm sorry."

Mo bá ṣe ohun tó kù. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo ní ó dàbọ̀, mo jáde.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń pe ènìyàn padà. Lọ́jà, o ò ní tíì kọjá ìsọ̀ kejì. Ní ojúlé, o ò ní tíì dé ẹnu géètì. Mo rọra ń rìn lójú ọ̀nà olókùúta tó gba àárín òdòdó kọjá. Mo dúró tún híjàábù mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń di okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà mi ò lókùn. Mo ń retí ohùn. Ohun tí mo gbọ́ ni ilẹ̀kùn. Kò là á mọ́ mi lẹ́yìn, ó rọra pa á dé ni, bí a ṣe ń pa á dé lẹ́yìn àlejò tó ti dágbére. Mo dé ẹnu géètì, mo dé ojú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Bàbá náà ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ò dára, ó sì rò pé òótọ́ ni mò ń sọ!

Mo dúró sí ojú ọ̀nà yẹn nínú oòrùn tí kò mú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: bí mo bá padà, ó mọ̀ báyìí pé mo fẹ́ ẹ, á dúró lórí iye rẹ̀ ni, bí n kò bá padà, kí ni mo fẹ́ lọ sọ nílé? Ọjà mìíràn ò sí níbòmíràn. Mo fa fóònù yọ, mo pe ilé. Obìnrin ará Sòmálíà náà gbé e, ó ní Màmá ò jẹun, ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èémí Màmá létí fóònù, ó ń hó bí ìkòkò tó fẹ́ gbẹ.

"Ṣé ó... ti pè ọ́... padà?"

"Wọn ò tíì pè mí, Màmá."

"Wọ́n... á pè..." Ó dákẹ́. Mo dúró dè é. Ó pẹ́ kí èyí tó kù tó jáde. "...ọ́. Má... wẹ̀yìn."

Mo wẹ̀yìn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń rajà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Mo sáré gba àárín òdòdó yẹn padà, mo lu ilẹ̀kùn, n kò lù ú bí ọmọlúàbí rárá.

Bàbá náà ṣí i, fóònù wà létí rẹ̀. Ó ń sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀rọ náà ṣì wà ńlẹ̀, pé kó máa bọ̀, òun ò ní jáde nílé.

"Màmá mi ni," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Màmá mi ni. Kò rí èémí mí."

Ohùn mi ò dún bíi tèmi. Mo ti ju gbogbo òfin náà nù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo dúró síbẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tí mo lè fi ná ọjà. Bàbá náà wá sọ fún ẹni tó wà lórí fóònù pé kó má bínú, ẹ̀rọ ti rí ẹni rà á.

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé kò dára?" ó bi mí nígbà tí a wọlé.

"Bí a ṣe ń rajà nílé wa nìyẹn, sà."

"Tí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ ó ní ẹ ò fẹ́ ẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì rí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ kó mọ́gbọ́n wá. Mo ṣí báàgì láti san owó náà kí n máa lọ, kí ọkàn rẹ̀ má baà yí. Ó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní òun ò ní gba owó lórí ohun tí òun ò tíì gbọ́ kó ṣiṣẹ́, nítorí láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, òun ò tàn án mọ́. Ó ní iná ò ní pẹ́ dé, kí n jókòó.

Mo jókòó sórí etí àga. Ó fi gáàsì se tíì. Mo rántí pé n kò tíì kí i kú ọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀, mo sì kí i dáadáa ní òyìnbó tí mo gbọ́, pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, pé kí òfò má tún ṣe é. Ó mi orí. Ó béèrè bóyá Màmá máa ń sùn ní òòró. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìrọ̀rí la fi ń tì í lẹ́yìn. Ó ní ìyàwó òun náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi wà lára gílóòbù òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀, èémí Màmá wà létí mi. Bí iná bá dé tí ẹ̀rọ náà kọ̀ ńkọ́? Ẹni tó wà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ti lọ wá tirẹ̀ níbòmíràn, èmi náà á padà sílé lọ́wọ́ òfo, ilẹ̀ á sì ṣú bá wa bẹ́ẹ̀. Tíì náà tutù sí mi lọ́wọ́, n kò mọ̀.

Fíríìjì ló kọ́kọ́ hùn. Gílóòbù tàn. Bàbá náà dìde, ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó súfèé gbọọrọ kan, ó dákẹ́, mo sì rò pé ó ti parí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí. N kò mọ bí n óò ṣe tún sọ ọ́. Ó ń mí sínú, ó ń mí síta, bí ẹni tó sùn tí oorun wọ̀ ọ́ lára.

Bàbá náà mú okùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó ki ẹnu méjèèjì tó ń lọ sí ihò imú bọ inú kọ́ọ̀bù omi. Omi náà ń ru gùdù. "Ẹ rí i," ó ní. "Bí ẹ óò ṣe máa dán an wò nìyẹn." Ó dìde, ó lọ sí kíṣìnì, ó ṣí ẹ̀rọ omi, mo gbọ́ tí omi náà ń dà fún ìgbà pípẹ́, n kò sì gbọ́ ìró ife tàbí àwo kankan. Mo mọ̀ pé ẹkún ló ń fi bò, mo jẹ́ kó dà.

Nígbà tó padà dé, mo kó owó náà fún un. Gbogbo rẹ̀ ni, kò dín. Owó ilé wà nínú rẹ̀, n kò sì san iye tí wọ́n pè rí. Kò kà á. Ó tì í sábẹ́ ife tíì, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé àpótí wúwo kan jáde àti okùn imú tuntun kan tí wọn ò tíì yọ nínú ọ̀rá.

"Bátìrì rẹ̀ nìyí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ó ti gbẹ, kí ẹ gba iná sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí iná ò bá sí, ẹ ò lè lo ẹ̀rọ náà láìsí èyí."

Mo bi í pé èló ni. Ó ní kí n gbé e lọ. Nílé wa, tí ọjà bá ti wọ̀, ẹni tó ra nǹkan á ní dandan, àfi kí ọlọ́jà fi èènì lé e, wọ́n á sì jà sí i títí á fi fún un ní ẹyọ ata kan. Èmi ò béèrè, bàbá náà ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ èènì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, mo rántí pé á bà á lẹ́rù, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú dípò.

Ọkọ̀ tí mo pè láti orí fóònù ló gbé wa padà, èmi, ẹ̀rọ àti bátìrì. Mo fi ọwọ́ di ẹ̀rọ náà mú bí ọmọ. Lójú ọ̀nà, mo pe ilé, wọn ò gbé e. Mo tún pè, wọn ò gbé e. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà jọ̀ọ́ kó yára. Ó ní "shap, sisi," pé òun ti gbọ́, kò sì yára. Ní gbogbo robot ni mo ń sọ fún Màmá nínú ọkàn mi pé kó mí èyí, kó tún mí òmíràn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ó wà láyé. Ó jókòó sí ibi tí mo fi í sí, obìnrin ará Sòmálíà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Fóònù wà ní kíṣìnì, kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ gbé e. Ètè Màmá ti dúdú ju ti àárọ̀ lọ. Mo ti ẹ̀rọ náà bọ iná, ó súfèé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo yí i sí ojú kejì bí dókítà ṣe wí, mo mú okùn náà lọ síbi imú rẹ̀. Màmá yí ojú kúrò.

"Èló?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi í sí yín nímú, Màmá."

Ó fi ọwọ́ bo imú rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí agbára. "Èló... lo... rà á?"

Mo mọ ìyá mi. Bí mo bá sọ iye tí mo san, á ní kí n gbé e padà, á sì di ọwọ́ náà mú mọ́ imú títí n óò fi gbé e padà. Obìnrin ará Sòmálíà náà ń wo èmi, ó ń wo òun, kò mọ ohun tí à ń fà. Ojú Màmá ti ń lọ sókè.

"Ìdajì," mo ní. "Mo yí ẹ̀yìn padà, Màmá, wọ́n sì pè mí."

Ó wo ojú mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò.

Mo fi okùn náà sí i nímú, mo fi kọ́ ọ létí. Mo jókòó sílẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo àyà rẹ̀. Kò sí àyípadà kankan. Ẹ̀rọ náà ń mí, Màmá náà ń mí, tirẹ̀ yára, ti ẹ̀rọ rọra. Mo ní bóyá ẹ̀rọ náà kàn ń pariwo lásán ni. Mo mú kọ́ọ̀bù omi, mo fẹ́ yọ okùn náà kí n tún fi dán an wò, obìnrin ará Sòmálíà náà gbá mi lọ́wọ́, ó ní kí n mú sùúrù. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí n tó rí i pé èjìká Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èjìká, àyà náà rọlẹ̀. Ètè rẹ̀ ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó ti sùn.

Ló bá ṣí ojú, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó fi ìka wá ibi tó họ lára ẹ̀rọ náà.

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, ìwọ ọmọ yìí, wọ́n rẹ́ ọ jẹ gidi gan-an, wo ibi tó ti bó yìí, ká ní èmi ni mo lọ síbẹ̀, n óò yí i wò lókè n óò yí i wò nísàlẹ̀, ìdajì tí o san yẹn gan-an ni n óò tún dá sí méjì, wọ́n á gbà á, wọ́n á tún fi èènì lé e fún mi!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dúró mí.

Mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún gbọ̀n mí.

"Ẹ tún un sọ, Màmá," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."